Ọkọ̀ Tí Wọ́n Gbẹ́ Sínú Igbó

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan létí ọ̀sà, iṣẹ́ ọkọ̀ gbígbẹ́ ló ń ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń fi odindi igi gbẹ́, kì í ṣe mọ́tò.

Fọlọ́runṣọ́, jókòó. Má tíì dìde. O ti sọ tìrẹ, mo sì gbọ́. O ní ìtàn àròsọ kẹta tí o kọ nìyí, àwọn atẹ̀wé mẹ́rin ló ti dá a padà, àti pé kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀, nítorí bí ó bá sùn sílé rẹ lónìí, wàá dáná sun ún, o kò sì ní kọ òmíràn mọ́ láyé. Ó dáa. Mo ti gbà á, mo ti gbé e sórí tábìlì. Ó kan èmi náà láti sọ̀rọ̀. Mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, mo kọ ìwé mẹ́rin, n kì í sì í fi àkàwé ṣòfò lórí ẹni tí n ò bá fẹ́ràn. Nítorí náà, gbọ́.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́. Má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Kó tó gbé àáké sókè ló ti máa ń mọ ibi tí igi máa gbà fún un àti ibi tí kò ní gbà. Àwọn agbẹ́kọ̀ yòókù ń gé igi tó wà nítòsí omi, wọ́n ń gbẹ́ ọkọ̀ kéékèèké tí èèyàn méjì lè fi lọ dẹ àwọ̀n. Òun ní kò sí igi gidi kan nítòsí omi mọ́. Ó wọ igbó lọ, ó rìn títí ó fi kan àràbà kan tó ga, tó tọ́, tí kò ní kókó kankan lára. Ó gé e. Ó fi ọdún méjì gbẹ́ ẹ.

Ibi tí igi bá wó sí ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ ọkọ̀, torí pé igi tútù kò ṣeé gbé. Bó bá parí, wọ́n á fà á lọ sómi. Ní abúlé yẹn, wọ́n ní àṣà kan lórí èyí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá parí á yí àáké padà láàárọ̀, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu ìhà ọkọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á gbé okùn rẹ̀ wá. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni ọlọ́kọ̀ máa ń wá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fa ọkọ̀ ẹlòmíràn rí, ó lè lu tirẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi wú. Ariwo rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin yìí kò lọ rí. Ó máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń lù ú láàárọ̀, á ní, "Ọwọ́ tèmi, ti irin ni. Kì í ṣe ti okùn." Ó ní àwọn tó ń fa ọkọ̀ kiri, òfófó àti ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀, agbẹ́kọ̀ tó mọ iṣẹ́ kò ráyè ìyẹn. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan pé báwo ló ṣe máa gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé omi. Ó ní bí ọkọ̀ bá dára, omi á wá a wá.

O ń wo ilẹ̀. Má wo ilẹ̀, èmi náà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nígbà tí mo tó bí ọ. Mo ní ìwé tó bá dára á rí ẹni tó máa kà á. Ta ló tan wá jẹ báyìí? Ìwé kò lẹ́sẹ̀.

Ọkọ̀ náà parí lásìkò tí omi kún. Kí o mọ èyí dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ní ìhà ibẹ̀, omi ọ̀sà máa ń kún wọnú igbó fún bí oṣù méjì lọ́dún. Lásìkò yẹn, ọ̀nà tí wọ́n máa fa ọkọ̀ gbà kì í jìn. Bí omi bá ti fà, ẹrẹ̀ ló kù, ọkọ̀ ńlá kò sì lè la irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tí kò bá wọ omi nínú oṣù méjì yẹn, inú igbó ló máa wà lẹ́ẹ̀rùn. Oòrùn á là á, ikán á jẹ ìdí rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, kò ní í ṣe ọkọ̀ mọ́.

Ó yí àáké padà, ó lù ú. Kò sẹ́ni tó wá. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe gbé orí sókè, ó ní, "Ta nìyẹn?" Wọ́n ní Ọlọ́wọ́-irin ni. Ó sì tẹ orí padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tún lù ú láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Bákan náà ló rí.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan wá. Oníṣòwò pákó ni. Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mi orí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Igi yìí dára. Ẹ jẹ́ kí n là á sí pákó fún yín níbí yìí, ká rù ú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ta ló tún ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ báyìí? Onímọ́tò ni gbogbo ayé ń wọ̀ lórí omi."

Ọkùnrin náà ní, "Ọkọ̀ ni mo gbẹ́. N ò gbẹ́ pákó."

Ebi ń pa á, ojú ń tì í, kò sí ẹni tó máa bá a fa okùn, síbẹ̀ ó lé ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ. Agbéraga ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, èyí ni mo fẹ́ràn rẹ̀ sí, mo sì fẹ́ kí o yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe rẹ̀ tó kù.

Nígbà tí oníṣòwò pákó lọ tán, ó pinnu pé òun á dá a fà. Ó so okùn mọ́ ọn, ó gbé okùn náà kọ́ èjìká, ó fà á títí awọ èjìká fi bó. Ọkọ̀ náà kò mira. Ìgbà yẹn ló wá wo iwájú ọkọ̀ dáadáa. Inú igbó ló kọjú sí, ó kẹ́yìn sí omi. Igi ńlá méjì sì wà lọ́tùn-ún lósì tí kò ní jẹ́ kó ṣeé yí padà. Ọdún méjì ló fi gbẹ́ ẹ, kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé ó máa rìn.

Obìnrin àgbà kan wà lábúlé náà tó ń lọ́ okùn tà. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n fà lábúlé yẹn fún ogójì ọdún tí kì í ṣe okùn rẹ̀ ni wọ́n fi fà á. Ó ti ń gbọ́ ariwo àáké láti ijọ́ mẹ́ta, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá wò ó. Ó fọwọ́ pa ìhà ọkọ̀ náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Ó dára. Ó dára gan-an ni."

Omi lé sójú ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni mo ti rí i kí àgbà ọkùnrin sunkún torí pé ẹnì kan wo iṣẹ́ rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ta ló rí i kí o tó gbẹ́ ẹ tán?"

Ó ní kò sẹ́ni.

"Ọkọ̀ ta lo ti bá wọn fà?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ká okùn rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ìyá, ṣé torí pé n kì í lọ bá wọn ṣẹ̀fẹ̀ ni ọkọ̀ mi ṣe máa jẹrà sínú igbó?"

Ìyá náà ní, "Rárá o. Torí pé ó wúwo ni. Ọkọ̀ kò mọ ẹni tó gbọ́n, kò mọ ẹni tó gọ̀. Ọwọ́ èèyàn ló mọ̀. Lọ́la, wọ́n máa fa ọkọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ odò. Okùn nìyí. Bí o bá débẹ̀, má sọ fún ẹnì kankan pé o ní ọkọ̀ nínú igbó. Ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ dé àwùjọ kọ́ ló ń polówó ọjà rẹ̀. Fa tiwọn."

Wàá ní kí ló burú nínú kó kàn bẹ̀ wọ́n. Kò sí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n sì ṣàánú rẹ̀ tí wọ́n wá, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọkọ̀. Inú ẹrẹ̀ ni gbogbo wọn máa pa á tì sí.

Ó lọ. Nígbà tí wọ́n rí i, ẹnì kan ní, "Ẹ yàgò, ọwọ́ irin ti dé." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó di okùn mú níbi ìrù, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń ta sí èèyàn lójú. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń mí, òun á máa fà. Nígbà tí wọ́n bá ń fà, òun á máa mí. Kò pẹ́ tó fi fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ó dùn ún dé egungun. Ó dìde, ó tún di okùn mú. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìgbà márùn-ún ló lọ. Ní ìgbà kejì, ó ti mọ ìgbà tí wọ́n ń fà àti ìgbà tí wọ́n ń mí. Ní ìgbà kẹta, wọ́n fi í sídìí àwọn tó ń gé ọ̀nà, ó sì rí i pé ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ igi roboto sábẹ́ ọkọ̀ kó lè máa yí lórí rẹ̀. Ó kọ́ pé imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń tẹ́ sórí ẹrẹ̀. Ó jẹ gàrí ọlọ́kọ̀, ó sì padà lọ dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kọ́ orúkọ. Ọdún méjìlélógójì ló ti ń gbé abúlé yẹn, kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó wá mọ̀ pé Omíyalé ló ń jẹ́, pé ìyàwó rẹ̀ kò gbádùn, síbẹ̀ ó máa ń wá fa ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ wọn yẹn náà, ó wá rí i pé kì í ṣe òfìfo. Inú ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ibi tí igi dáadáa wà, ẹni tí wọn kì í bá da òwò pọ̀, ibi tí ẹrẹ̀ ti gbé ọkọ̀ mì lọ́dún èṣí. Ọdún méjì gbáko ló fi di etí rẹ̀ sí ohun tó ń wá kiri.

Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún, agbẹ́kọ̀ méjì bi í léèrè fúnra wọn pé, "Wọ́n ní o ní nǹkan kan nínú igbó. Ṣé a lè rí i?" Ó mú wọn lọ. Ẹ̀rù bà á ju ìgbà tó gé àràbà náà lọ. Ẹni àkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ìhà ọkọ̀ mú. Ó ní, "Ó nípọn jù. Èèyàn mẹ́ta péré ni èyí máa gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Gbẹ́ inú rẹ̀ sí i." Ẹnì kejì ní, "Ó sì gùn jù. Ọkọ̀ wa kì í gùn tó báyìí. Gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ dànù, á rọrùn fún wa láti fà."

Inú bí i. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó rí i pé òótọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ sọ. Ó nípọn jù lóòótọ́. Ojú rẹ̀ kò rí i láti ọjọ́ yìí nítorí pé òun nìkan ló ń wò ó. Ó mú irin, ó gbẹ́ inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, èérún igi ga dé orúnkún rẹ̀. Ibi tó ti fi oṣù mẹ́fà dán lọ́dún tó kọjá, ó gbẹ́ ẹ dànù. Ó dùn ún bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń gbẹ́.

Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀, ó dúró, ó rò ó dáadáa. Ìdí tó fi wá igi gígùn lọ sínú igbó ni pé ọkọ̀ kúkúrú kò lè la àárín ọ̀sà kọjá nígbà tí ìgbì bá ń jà. Ó ń dojú dé. Ó ti rí àwọn tó bá a rì. Ọkọ̀ tó máa la àárín ọ̀sà já ló ní lọ́kàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá gé e, á rọrùn láti fà, kò sì ní wúlò fún ohun tó torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó padà lọ bá àwọn agbẹ́kọ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ ṣeun nípa ti inú. Ti gígùn, n ò gé e." Wọ́n ní agídí ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fọlọ́runṣọ́, bí o bá sùn lọ nígbà tí mò ń sọ èyí tó kù, má sùn lórí èyí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lèèyàn ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ lèèyàn ń kọ̀. Ẹni tó ń gba gbogbo rẹ̀ á di oníṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó ń kọ gbogbo rẹ̀ á jẹrà pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ ló máa wọ inú ọkọ̀ lọ, kí o fọwọ́ ara rẹ wọ̀n ọ́n, kí o mọ èyí tó jẹ́ ìnípọn lásán àti èyí tó jẹ́ gígùn. Ìnípọn, gbẹ́ ẹ dànù láìṣàánú. Gígùn, má jẹ́ kí ọba pàápàá fọwọ́ kàn án.

Ní gbogbo àsìkò yìí, omi ti ń fà. Ó ti kan igi kékeré kan mọ́ ilẹ̀ níbi tí omi dé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lu ọkọ̀. Nígbà tó máa fi gbẹ́ inú rẹ̀ tán, tó gé igi méjèèjì tó dí ọ̀nà, tó sì la ọ̀nà dé etí omi, omi ti sún sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá igi náà ní ọgọ́ta ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù, bóyá kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó yí àáké padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó lù ú.

Èèyàn ogójì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ó kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Oníṣòwò pákó náà wá, ó gbé ayùn rẹ̀ dání, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ayùn yẹn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan ni wọ́n fi yí ọkọ̀ náà padà. Ọjọ́ kejì, wọ́n fà á rékọjá ibi tí igi méjèèjì wà tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n ti ń rí omi lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ náà wọ ẹrẹ̀, ó dúró. Wọ́n tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Kò mira. Ọkùnrin tó máa ń pe ìpè fún wọn kí wọ́n lè jọ fà á, ohùn rẹ̀ ti há. Ó jókòó, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Ọlọ́kọ̀ ni kó pè é." Àwọn kan ti ń ká okùn wọn.

Ọkùnrin náà kò gbóhùn sókè láàárín èèyàn rí láyé rẹ̀. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Wọ́n ní, "A ò gbọ́." Kò mọ orin kan tó máa dá, kò mọ ẹ̀fẹ̀ kan tó máa ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa wọn ni orúkọ wọn. Ó dúró níwájú ọkọ̀, ó fi gbogbo ọ̀fun rẹ̀ pè é. "Omíyalé, fà á! Ayédùn, fà á! Májẹ̀ẹ́kódùnmí, fà á!" Orúkọ kan, ìfà kan. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ tirẹ̀ kò lè ká okùn mọ́. Ó pe gbogbo wọn, kò fo ẹnì kankan. Nígbà tó pe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tán, tí ọkọ̀ náà ti ń mira àmọ́ tí kò tíì jáde, ó yíjú sí oníṣòwò pákó, ó pe orúkọ tirẹ̀ náà. Ọkùnrin yẹn wo ayùn, ó wo ọkọ̀. Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó di okùn mú.

Ọkọ̀ náà wọ omi. Ó jò níbi méjì, wọ́n dí i. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, òun nìkan ni ọkọ̀ tó ń la àárín ọ̀sà kọjá lábúlé yẹn, ẹni tó ní kó gé e ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ibi tí mo mọ ìtàn náà dé nìyẹn.

Ó kù ìwọ.

Mo bi ọ́ léèrè lónìí pé ìwé ta lo ti kà lọ́dún yìí nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ń kọ̀wé. O ní o kò ráyè. Mo ní ta ló ka èyí kí o tó fi ránṣẹ́. O ní kò sẹ́ni. Atẹ̀wé kejì kọ lẹ́tà gidi sí ọ, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, kí o tún un ṣe kí o dá a padà. Ṣé o fèsì? O ní èsì kí ni. O kò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ka òjìlénígba ojú ìwé ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn òǹkọ̀wé ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, ó tó ọdún mẹ́jọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ ibẹ̀ rí. O ní ariwo wọn pọ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. O mọ̀wé kọ, o kò mọ òǹkọ̀wé ṣe. Iṣẹ́ méjì ni, méjèèjì ló sì ṣeé kọ́. Ojú titun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

O ní àwọn kan sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó ń ka Yorùbá mọ́, kí o lọ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Họ́wù. Èdè wo ni wọ́n fi ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìyàwó wọn? Èdè wo ni wọ́n fi ń bú ara wọn lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́? Ayùn ni wọ́n gbé dání. Má bá wọn jà, má sì gbé igi rẹ fún wọn. Ẹni tó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, òótọ́ ló sọ. Mo ka ojú ìwé mẹ́wàá nígbà tí o lọ bomi mu, o lè sọ mẹ́jọ nínú rẹ̀ nù, kò sẹ́ni tó máa wá a. Fèsì sí i lọ́la. Ẹni tó ní kí opó inú ìtàn rẹ má bá àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ du ilé mọ́, kó kàn kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ìtàn náà lè tutù, ìyẹn ń gé gígùn rẹ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o sì kọ̀ fún un.

N ò ní bá ọ tọ́jú ìwé yìí. Gbà á padà. Bí o bá fẹ́ sun ún, ìṣáná wà nílé ìdáná, n ò ní dí ọ lọ́wọ́. Bí o kò bá sì fẹ́ sun ún, bọ́ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, dìde dúró, ṣí ojú ìwé kẹsàn-án, kí o kà á sókè.

Má sọ pé o kì í kàwé sókè. Mo mọ̀ pé o kì í kà á. Kà á.

N ò gbọ́. Gbé ohùn sókè, àyà rẹ ló ń sọ ọ́ fún.

Hẹ̀n ẹ́n. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Má sáré. Ibi tí opó náà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, rọra kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí o dúró? Wo òdì kejì títì. Aránṣọ yẹn ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó ti yọ orí jáde láti ojú fèrèsé. Mo gbọ́ ohun tó wí. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin yẹn wá kó jáde nílé náà?"

Má wo èmi. Èmi kọ́ ló bi. Yíjú sí i, kí o máa kà á lọ.